Ìjọba tí Kò Jẹun Lọ́wọ́ Ará Ìlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Bí òwe yìí ti bá ọmọ ènìyàn mu ni ó bá orílẹ̀-èdè mu. Ogún tí Nàìjíríà gbójú lé fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún ni epo rọ̀bì. Kì í ṣe pé ogún fúnra rẹ̀ burú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi oko obì sílẹ̀ fún, tí ó ń ro ó, tí ó ń gbin tuntun rọ́pò èyí tí ó ti gbó, ọlá ni irú ogún bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún un. Ẹni tí òwe náà ń bá wí ni ẹni tí ó jókòó ti ogún, tí kò mọ ohun mìíràn ṣe mọ́, tí ó di ọjọ́ tí ogún tán kí ó tó rántí pé òun ní ọwọ́ méjì.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ ní ilẹ̀ yìí pé igi kan kì í dá igbó ṣe, pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, pé kí Nàìjíríà wá nǹkan mìíràn kún epo. Àwọn ológun wí i, àwọn olóṣèlú wí i, àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá pẹ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò dé ọwọ́, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó dì í lọ́nà. Èsì tí ó sábà máa ń yá àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́, tàbí pé olè ni àwọn aṣáájú. Olè wà lóòótọ́, ọ̀lẹ kò sì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà tí ó ní olè, tí ó ní ọ̀lẹ, síbẹ̀ tí ọjà tí wọ́n ń tà fún aráyé ju ẹyọ kan lọ. Ìdí ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ti ya ọ̀ràn oko àti ọ̀ràn ìjọba sọ́tọ̀ bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìjọba tí kò bá jẹun láti ọwọ́ ará ìlú kò ní ìdí tí yóò fi máa sáré kí ọwọ́ ará ìlú lè kún. Ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí epo tó dé

Ní ayé àwọn òyìnbó, ààlà tí wọ́n fà gba àárín Ìgbómìnà kọjá. Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́, Ọ̀rọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìsánlú-Ìsìn àti Ṣààrẹ́ bọ́ sí Àríwá, lábẹ́ ẹkùn Ìlọrin. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ọmọ Ìlá wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ Òmù-Àrán kò sí nínú ètò náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n. Ní 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni a tó dá ìpínlẹ̀ tí ó wá ń jẹ́ Kwara sílẹ̀, tí Òmù-Àrán àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bọ́ kúrò lábẹ́ Àríwá.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò rí owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn he ní ojú títì. Lára kòkó àti lára owó orí ni ó ti jáde. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ra kòkó máa ń san iye kan fún àgbẹ̀, a máa tà á ní òkè òkun ní iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì máa kó èrè náà pamọ́. Nínú irú owó yìí ni ìjọba ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́, tí ó la ọ̀nà, tí Ilé Kòkó fi dúró ní Ìbàdàn ní 1965. Ìrẹ́jẹ wà nínú ètò náà, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀: àgbẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo èrè iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ètò yẹn ní tí ètò epo kò ní. Ìjọba mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá pa oko tì, àpótí ìjọba yóò gbẹ. Nítorí náà ni ó fi ń rán àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wọ ìgbèríko, tí ó ń wá oògùn sí àrùn kòkó, tí ó sì ń la ọ̀nà dé ibi tí kòkó wà. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe ìjọba nígbà náà jẹ́ áńgẹ́lì. Ibi tí ẹnu wọn ti ń jẹ ni wọ́n ń tọ́jú.

Àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí wúwo jù fún wọn, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde nínú ọ̀tẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó náà ṣe nígbà tí ọ̀nà oko wọn bàjẹ́, wọ́n sì takú pé 30 ṣílè ni àwọn yóò san. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ àti lọ́dọ̀ ìjọba, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbàdúrà pé kí irú rẹ̀ padà wá. Síbẹ̀, ìjọba gbọ́, ó sì dín owó orí kù. Ó gbọ́ nítorí pé owó tí àwọn àgbẹ̀ kọ̀ láti san ni owó tí ó fi ń ṣe ìjọba.

Ní ti Òmù-Àrán àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, àwọn náà ń san owó orí, wọ́n sì tún ń dáwó láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tí ó wà nílé àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi, ni ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí ìjọba kò ṣe. Ẹni tí ó bá dáwó máa ń wá sí ìpàdé, a sì máa béèrè iye tí ó wọlé, iye tí a ná àti iye tí ó kù. Akápò ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìṣirò ṣe kò ní lè gbójú sókè láàárín ìlú mọ́. Kí a fi akápò yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Nígbà tí epo gba ipò oko

Ní 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ní ilẹ̀ tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí; ní 1958 ni èyí àkọ́kọ́ lọ sí òkè òkun. Fún ọdún mélòó kan, epo kàn jẹ́ ọ̀kan lára ọjà tí Nàìjíríà ń tà ni. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn ará Lárúbáwá ní oṣù Kẹwàá 1973 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àgbá epo kan tí kò ju nǹkan bí dọ́là 3 lọ di nǹkan bí dọ́là 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974. Owó ya wọlé bí àgbàrá òjò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀kúnwó Udoji. Sìmẹ́ǹtì tí ìjọba ní kí wọ́n kó wá tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, débi pé ní 1975 ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sí èbúté Èkó tí wọn kò rí ibi já ẹrù sí, tí owó ìdádúró sì ń gorí owó ìdádúró.

Ohun tí owó yìí ṣe fún àgbẹ̀ Ìgbómìnà ni ó yẹ kí a tú palẹ̀, nítorí àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ni ó lé àgbẹ̀ kúrò lóko. Nígbà náà, náírà kan lágbára ju dọ́là kan lọ. Bí náírà bá lágbára báyìí, ọjà òkè òkun a máa wá ní pọ́ọ́kú, ìrẹsì Amẹ́ríkà sì ń bá ìrẹsì ilé du ọjà. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà líla tí owó epo dá sílẹ̀ ní Èkó, ní Kàdúná àti ní Ìlọrin ń fa àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ẹni tí yóò kọ ebè ní Òmù-Àrán wá ṣọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì gòkè. Iye tí àgbẹ̀ ń ná sí oko ń lọ sókè, iye tí irè oko ń mú wálé ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí òkè ń wálẹ̀ bá, tí ilẹ̀ sì ń gòkè bá, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó sá jáde? Ìṣirò ni àgbẹ̀ ṣe, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Lẹ́yìn tí wọ́n rí gáàsì rẹpẹtẹ ní Groningen ní 1959, owó ilẹ̀ wọn lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ wọn kò fi rí ọjà tà ní òkè òkun bí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì sọ ọ́ ní àrùn àwọn ará Họ́láńdì. Ṣùgbọ́n Họ́láńdì ní oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ tí ó lè fara da àrùn náà. Oko ni òpó tí Nàìjíríà fẹ̀yìn tì. Kòkó tí Nàìjíríà ká ní 1970 sí 1971 tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, ó ti dín sí nǹkan bí ìdajì. Nígbà náà, nínú gbogbo 100 náírà tí Nàìjíríà ń rí lórí ọjà tí ó ń tà sí òkè òkun, ohun tí ó ju 90 lọ ni ó jẹ́ ti epo.

Ìpadàsóko tí kò dé oko

A kò lè sọ pé ìjọba kò gbìyànjú. Ní 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò jáde pé kí tọmọdé-tàgbà jọ bọ́ orílẹ̀-èdè. Ní 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní ìyípadà aláwọ̀ ewé. Ajílẹ̀ dé, katakata dé, ìwé ìpolówó sì kún ara ògiri. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba sọ ní 1982 pé kí gbogbo ènìyàn fún ṣòkòtò mọ́dìí. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, ó sì tú àwọn àjọ tí ń ra irè oko ká. Owó kòkó gòkè lọ́wọ́ àgbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó oògùn, owó ajílẹ̀ àti owó ẹ̀rọ bá a gòkè.

Ìpínlẹ̀ Kwara ní tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Bacita bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, ilé iṣẹ́ bébà Jẹ́bà ní 1969. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó jẹun nínú méjèèjì, títí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà. Àwọn méjèèjì ni ó ṣàárẹ̀, tí a tà fún aládàáni, tí ìtàdànù ẹ̀rọ wọn sì di ohun tí ará ọ̀nà ń mi orí sí. Ní 2005, lábẹ́ Gómìnà Bùkọ́lá Sàràkí, àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun 13 tí wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní Zimbabwe dé sí Shonga ní ilẹ̀ Núpé, a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ṣe é. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná àti èlé báǹkì bá wọn fà á, àwọn kan nínú wọn sì kó ẹrù wọn lọ nígbà tí ó yá. Ìṣòro iná, ọ̀nà àti báǹkì kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ Òmù-Àrán nílò kí àlejò wá sọ fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ohun tí kò sí ni ẹni tí ó di dandan fún láti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí gbogbo ètò wọ̀nyí ti jọra nìyẹn. Láti òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, agbára ìjọba tí epo ń bọ́ ni wọ́n sì gbára lé jù lọ. Nígbà tí epo wà lókè, kò sí ẹni tí ó bìkítà bí wọ́n bá ń pàdánù. Nígbà tí epo wálẹ̀, kò sí owó láti gbé wọn ró. Ìṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀ gan-an ni ó pa wọ́n.

Ìpín òpin oṣù

Ní 1976 kan náà ni ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà. Òmù-Àrán ni ó ń ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ẹ̀sìẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ète ètò náà dára: kí ìjọba sún mọ́ ènìyàn, kí ó ní owó tirẹ̀, kí ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ̀ ọ́ ni pé owó tí ó sún mọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe owó tí ó ti ọwọ́ àwọn tí ó ń ṣe ìjọba lé lórí jáde. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìpín 13 nínú 100 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì ń pín 20.60. Alága tí ó wà ní Òmù-Àrán kò nílò láti mọ̀ bí iṣu ti ṣe sí lọ́dún náà. Ohun tí ó nílò láti mọ̀ ni iye tí Àbújá yóò pín ní òpin oṣù.

Ìpín yìí pàápàá kì í dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Ìwé òfin 1999 ní kí a san án sínú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Níbi tí kò bá sí ààlà, ọwọ́ bàbá ni gbogbo irè máa ń kángun sí. Bí olùkọ́ bá béèrè owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ alága, alága a ní kí ó lọ bi gómìnà. Bí ó bá bi gómìnà, gómìnà a ní owó ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ti òun. Ní 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú kò dìbò yàn kò tọ̀nà. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí ẹnikẹ́ni kò lè bi, tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò lè bi, kí ni olùkọ́ rí gbà nínú rẹ̀?

Ọdún 2014 sí 2016 fi ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ hàn. Àgbá epo tí ó ju dọ́là 100 lọ ní àárín 2014 kò tó dọ́là 30 mọ́ ní oṣù Kìíní 2016. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí owó oṣù san, ìjọba àpapọ̀ sì ní láti gbà wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún yẹn gan-an ni Kwara dá àjọ tuntun sílẹ̀ láti máa gba owó orí. Owó tí ìpínlẹ̀ náà ń pa wọlé fúnra rẹ̀ ti jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 7 náírà ní 2015. Ní 2016, ó di nǹkan bí bílíọ̀nù 17. Owó náà kò já láti ọ̀run. Ó ti wà láàárín ìlú tẹ́lẹ̀. Ìjọba kò wá a nítorí epo ń ṣàn. Bí a ti ń gba owó náà ni ìbéèrè ń tẹ̀ lé e: níbo ni ẹ ń kó o lọ? Ìbéèrè yìí ni Àgbẹ́kọ̀yà béèrè. Òun náà ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń dáhùn ní ìpàdé. Epo rọ̀bì ni ó mú un dákẹ́ fún ogójì ọdún.

Ohun tí àwọn mìíràn fi epo ṣe

Indonesia jọ Nàìjíríà púpọ̀ ní àwọn ọdún 1970: ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, èdè pọ̀ níbẹ̀, ológun ni ó ń ṣèjọba, epo sì ń mú owó wọlé. Jẹgúdújẹrá kò sì ṣàì wà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi lára owó epo àti gáàsì wọn ṣe ajílẹ̀ fún àwọn tí ń gbin ìrẹsì, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ìgbèríko láti 1973, wọn kò sì jẹ́ kí owó ilẹ̀ wọn lágbára ju ohun tí oko lè gbà lọ. Ní 1984, ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn tó wọn jẹ. Ìjọba wọn bẹ̀rù ebi àwọn ará oko, nítorí náà ni ó fi tọ́jú oko.

Norway rí epo tirẹ̀ ní 1969. Ní 1990, ó ṣe òfin pé kí a máa kó owó epo pamọ́ fún àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sí i ní 1996. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni pé àwọn ará Norway kò ṣíwọ́ owó orí sísan nígbà tí epo dé. Owó orí wọn wà lára èyí tí ó ga ní ayé, nítorí náà ni wọ́n fi lè jókòó ti ìjọba wọn kí wọ́n sì ka owó náà lójú rẹ̀. Nàìjíríà pẹ̀lú dá àpò ìpamọ́ owó epo sílẹ̀ ní 2004, ó sì dá òmíràn tí òfin gbé ró sílẹ̀ ní 2011. Àwọn gómìnà gbé ọ̀rọ̀ àpò àkọ́kọ́ lọ sílé ẹjọ́ pé kí a pín in, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì pín ná kí owó epo tó já ní 2014. Kò sí ará ìlú tí ó yarí, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní owó ara rẹ̀.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹnìkan lè wí pé: àwọn tí ebi ń pa, owó orí wo ni wọn yóò san? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá lẹ́yìn 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí owó ọkọ̀ láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin fò sókè tí iye oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Èsì rẹ̀ ni pé tálákà ti ń san owó orí tí kò ní orúkọ. Òun ni ó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí iná kò sí. Òun ni ó ń ra omi. Òun ni ó ń sanwó fún àwọn tí ń dá ọkọ̀ irè oko dúró lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo owó yìí, kò sí ọ̀kan tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohunkóhun. Òfin owó orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025 yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú owó tí ẹnìkan ń rí lọ́dún, láti 2026. Ọ̀nà tí ó yẹ ni èyí: kí owó orí fo ẹni tí kò ní, kí ó má sì fo ẹni tí ó ní.

Ohun kejì ni kí a jẹ́ kí ibi tí nǹkan wà ní ọwọ́ nínú nǹkan náà. Ẹ̀sìẹ́ ni a ti rí àwọn ère olókùúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tọkùnrin-tobìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ní 1933 ni òkìkí wọn kàn dé ìta, ní 1945 ni a sì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ilé yìí ti dàgbà ju òmìnira Nàìjíríà lọ ní ọdún 15. Síbẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀, ohun àlùmọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ òfin. Ìlú tí àlejò bá tìtorí ère wá, tí ó sùn, tí ó jẹun, tí ó ra nǹkan, tí apá kan owó ìwọlé sì kù sínú àpò ìlú, yóò tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni. Apẹẹrẹ pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ṣe é ṣe wà: ní 2023, a tún ìwé òfin ṣe kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa pèsè iná mànàmáná kí ó sì pín in, ohun tí Àbújá ti dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kẹta ni kí irè oko má ṣe kúrò nílé ní tútù. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti ń so púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú kajú Nàìjíríà ni a ń kó lọ sí Vietnam àti India pẹ̀lú èèpo lára, níbẹ̀ ni a ti ń fọ́ ọ, níbẹ̀ ni èrè tí ó pọ̀ sì ń dúró sí. Iṣẹ́ ìfọ́kajú kò ju agbára Òmù-Àrán lọ. Ìlú náà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Landmark láti 2011, tí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe òpómúléró ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ wà nítòsí, kajú wà nítòsí, ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ wà nílé. Ohun tí ó kù ni iná tí kì í kú, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, àti ìjọba tí yóò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà yè nítorí pé owó orí rẹ̀ ni ó fi ń jẹun.

Ohun kẹrin kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé mẹ́ta ìyókù ró. Kí a lẹ iye tí ó wọlé fún ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù àti iye tí a ná mọ́ ara ògiri, ní èdè Yorùbá, ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́, ní ọjà àti ní ààfin gbogbo. Kí alága wá dúró níwájú ìlú lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, bí akápò ẹgbẹ́ ti máa ń ṣe. Kò sí òfin tí ó ní kí a má ṣe é, kò sì ná bílíọ̀nù kan. Ìgbómìnà kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ wọn ní ìṣirò owó ìlú. Wọ́n ti ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ wọn kí Oloibiri tó ní orúkọ.

Epo yóò tán lọ́jọ́ kan, tàbí kí ayé má rà á mọ́ bí ó ti ń rà á. Ìyà tí ọjọ́ náà yóò mú wá fún ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́ lónìí wà lọ́wọ́ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ bá béèrè kí ọjọ́ náà tó dé. Èló ni ó wọlé? Èló ni a ná? Kí ni ó kù? Ìjọba tí ó bá mọ̀ pé òun yóò dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí lóṣooṣù yóò wá àgbẹ̀ lọ sí oko, kò ní dúró kí a tó rán an.